Ọdún tí Àǹtí Dúpẹ́ Jókòó sí Ìdí Máṣíìnì

Kí wọ́n tó parí ìpè ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa ní Sùúrùlérè, Màámi á ti jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀. Máṣíìnì elẹ́sẹ̀ ni, dúdú, tí ọ̀dà wúrà ara rẹ̀ ti ṣí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń fara kàn án. Aṣọ iléèwé ló ń rán, fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa títí dé apá Ìdí-Àràbà, nítorí náà aṣọ aláwọ̀ kan náà ló máa ń kún ilẹ̀ pálọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí rẹ̀. Màá dùbúlẹ̀ sórí ẹní mi, màá máa gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: á sáré lọ gbọọrọ, á dúró, á yí aṣọ, á tún sáré. Bí ó bá ti dúró pẹ́, mo mọ̀ pé òwú ti já, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìró omi á dé láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti ń pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, tí á sì máa ka ìwé sí ara rẹ̀ létí. Orúkọ àwọn eegun ara ènìyàn ló ń há sórí. Á pọn korobá kan, á dárúkọ eegun kan, bẹ́ẹ̀ títí dúrọ́ọ̀mù á fi kún.

Olùkọ́ ni Bàámi ní iléèwé gíga kan ní Yábàá, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ló sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìwé kan ló ń kọ, ìwé náà sì wà láàárín wa nínú ilé bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ó dá lórí àwọn ọ̀mọ̀wé tó máa ń fi ẹ̀rọ ṣàlàyé ìgbésí ayé àwùjọ: pé ìlú dà bí aago, pé olúkúlùkù wa jẹ́ irin kékeré kan nínú rẹ̀, pé iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe ló ṣe pàtàkì, ẹni yòówù tó lè jẹ́. Bàámi fẹ́ràn èrò yìí gan-an. Inú agboolé tí ìyàwó mẹ́rin ti ń jà nítorí omi òjò ló ti dàgbà, mo sì rò báyìí pé ohun tó ń wá kiri láyé rẹ̀ ni ilé tí gbogbo nǹkan ti ń lọ geere láìsí ariwo. Nígbà tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan, ó pè mí sídìí máṣíìnì Màámi, ó fi bẹ́líìtì hàn mí, àti àgbá irin tó ń yí, àti bọ́bìnnì tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí, àti abẹ́rẹ́. Ó ní, "Èwo ló ń rán aṣọ níbẹ̀?" Mo ní abẹ́rẹ́ ni. Ó ní rárá. "Gbogbo wọn pa pọ̀ ló ń rán an. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, ìyá rẹ á fi òmíràn sí i, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bí ìlú ṣe rí nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan kú, òmíràn dìde, ìlú ò dúró." Màámi ń ṣa eegun ẹja kúrò nínú oúnjẹ mi, kò gbójú sókè. "Bàbá Mojí," ló wí, "ta ló wá ń tẹ̀ ẹ́?" Bàámi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè gidi ni, ó sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó rí ìdáhùn.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo ti iléèwé dé, mo bá Màámi níbi tó ti gbé orí lé máṣíìnì, ó ní orí ń fọ́ òun, kí n bá òun bu omi wá. Kí n tó gbé ife dé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àǹtí Dúpẹ́ ló pọ̀n ọ́n. Ó pọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pọnmọ, ó sì sáré jáde, nítorí wọ́n ti gbẹ́ ojú ọ̀nà wa láti ri páìpù, ọkọ̀ kankan ò lè wọlé. Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá yára á fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Àǹtí Dúpẹ́ ni Màámi ti mí ìmí ìkẹyìn, kí wọ́n tó dé títì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi ṣì dúró ní pálọ̀, mo gbé ife omi dání, títí Alhájà tó ń gbé òkè wa fi sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n kọrin, wọ́n bá wa sìnkú, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, Bàámi pe èmi àti Àǹtí Dúpẹ́ jókòó. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní ilé kò gbọdọ̀ dúró. Ó ní bí a bá jẹ́ kó dúró pẹ́nrẹ́n, a ò ní lè gbé e dìde mọ́. Òun á máa ra ọjà bọ̀ láti Yábàá. Èmi á máa gbálẹ̀, màá sì máa nu eruku ara ìwé. Àǹtí á máa dáná, á máa mójú tó mi. Ó wo òkìtì aṣọ iléèwé tí Màámi ti gé tí kò tíì rán, ó ní, "Dúpẹ́, ṣé o lè bá wa parí ìwọ̀nyí?" Àǹtí ní, "Màá gbìyànjú, Ẹ̀gbọ́n." Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn. Nítorí iléèwé ló ṣe ti Iléṣà wá bá wa. Ó ti ṣe ìdánwò méjì lọ́dún náà, ọ̀kan fún iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì, ìkejì fún iléèwé àwọn tíṣà, àpótí ìfìwéránṣẹ́ ibi iṣẹ́ Bàámi ló sì kọ sára fọ́ọ̀mù méjèèjì, nítorí lẹ́tà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa ní àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ máṣíìnì. Oorun ò tíì dá lójú mi, mo ti fò dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ kí n tó rántí. Àǹtí Dúpẹ́ yíjú padà, ó rí ojú mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ kíá, ó nawọ́ sí mi, ṣùgbọ́n mo ti padà sí yàrá, mo ti fi aṣọ bo orí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìró tirẹ̀ yàtọ̀. A máa tàsé, a máa dúró níbi tí kò yẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, n kò lè mọ ìyàtọ̀ mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù lọ. Oúnjẹ ń dé lásìkò. Aṣọ mi ń mọ́. Àwọn òbí ń wá gba aṣọ ọmọ wọn, wọ́n ń yẹ ìránṣọ rẹ̀ wò, wọ́n ń ní ó dára. Ó dé ọjọ́ kan tí mo jókòó ti dúrọ́ọ̀mù tó kún dé ẹnu, mo bi ara mi pé bí gbogbo nǹkan bá lè máa lọ báyìí, kí ni Màámi ń ṣe níbí tẹ́lẹ̀? Ojú tì mí bí mo ti rò ó tán, mo sì bu omi náà sára ara mi taṣọtaṣọ.

Ìyá àgbà, ìyá Màámi, kò wá síbi ìsìnkú, nítorí òbí kì í sin ọmọ. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ló tó ti Iléṣà dé, òun àti iṣu mẹ́ta àti ìgò epo kan. Ó jókòó ní pálọ̀ láti àárọ̀ títí Bàámi fi dé láti ibi iṣẹ́, ó ń wò wá bí a ṣe ń lọ bí a ṣe ń bọ̀. Nígbà tí Bàámi dọ̀bálẹ̀ kí i tán, ó ní, "Àna mi, ilé yín mọ́." Bàámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ń gbìyànjú. "Ẹ ń gbìyànjú lóòótọ́," ni ìyá àgbà wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá àmì ikú ọmọ mi nínú ilé yìí. N kò rí i."

Bàámi fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò."

"Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wí. Wọn ò wí àbúrò rẹ̀." Ó yíjú sí Àǹtí. "Dúpẹ́, di ẹrù rẹ. Lọ́la la ó lọ."

Àǹtí Dúpẹ́ wò mí. N kò mọ̀ pé mo ti di etí ìró rẹ̀ mú. Ó ní, "Mọ́ọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n dúró de lẹ́tà mi. Bó bá ti dé, màá lọ. Kò ní pẹ́." Bàámi sọ̀rọ̀ kíákíá lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ tó bá dé, Mà, èmi fúnra mi ni màá sìn ín dé iléèwé." Mo gbà pé ó dá a lójú nígbà tó sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá àgbà tó lọ sí ibùdókọ̀, ó fọ orí mi ní ẹ̀yìnkùlé, omi ojú rẹ̀ ń bọ́ sí mi lórí pẹ̀lú omi ọṣẹ. Ìyẹn ni ẹkún àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nínú ilé wa lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàámi mélòó kan máa ń wá sí pálọ̀ wa, Bàámi á máa ka apá kan nínú ìwé tó ń kọ fún wọn, wọ́n á sì jọ máa jiyàn. Èmi ni mo máa ń gbé omi fún wọn. Ní Sátidé kan lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ, Bàámi ka ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti kú tí ìlú kò dúró. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan wà láàárín wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé mìíràn dé, tí kò sì tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ó nawọ́ sókè. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, tí káfíńtà yẹn bá lọ́mọ ńkọ́?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ṣàwàdà. "Ìlú ti rí káfíńtà mìíràn. Ṣé ọmọ yẹn náà ti rí bàbá mìíràn ni?" Ẹnìkan fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín dá. Bàámi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní ìbéèrè yẹn kò sí lábẹ́ orí ìwé tí àwọn ń kà, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ síwájú. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé ńlá tó ń lò, ó ṣí i, ó pa á dé, ó dá a padà sí pẹpẹ, ó sì ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi náà ti di olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí kan náà báyìí. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àwọn tó fi àwùjọ wé ẹ̀rọ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n rí wà níbẹ̀: ẹnìkan ń kúrò, ẹlòmíràn ń bọ́ sí àyè rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Mo ti gbé inú ilé tó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tuntun kì í mọ̀ pé òmíràn ti wà níbẹ̀ rí, kì í sì í ní lẹ́tà tó ń retí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mò ń nu eruku. Mo fa ìwé ńlá tí Bàámi dá padà lọ́jọ́ Sátidé yọ, àpò lẹ́tà kan sì bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Orúkọ Àǹtí Dúpẹ́ ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Wọ́n ti ya á. Mo fa lẹ́tà inú rẹ̀ jáde, mo rọra kà á, gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò sì le jù mí lọ: inú wọn dùn láti gbà á wọlé, kó yọjú ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ tí mo ń kà á yẹn, bí kò bá yọjú, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àǹtí wà ní kíṣìnì, ó ń dín dòdò, ó ń rọra kọrin. Ó ti ní òun máa di irun mi tí a bá jẹun tán. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wa. Mo dúró síbẹ̀, mo rò ó wò: bí mo bá gbé e fún un, á lọ, bó bá lọ, máṣíìnì á dákẹ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa wá di irun mi mọ́. N kò ronú nípa rẹ̀ rárá. Ara mi nìkan ni mo rò. Mo dá lẹ́tà náà padà sójú ewé tó ti bọ́, mo tẹ̀ ẹ́ wọnú títí etí rẹ̀ kò fi yọ, mo gbé ìwé padà sí àyè rẹ̀. A jẹun. Mo jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, ó sì dirun fún mi. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní kò dùn mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ tó bi Bàámi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé kankan ò wá?" Bàámi á ní kò tíì wá. Nígbà kẹta, ó fi kún un pé òun ti kọ̀wé sílé pé kí wọ́n wá ẹnìkan tó máa wá bá wa gbé, kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ ló ti yé mi, bí mo ti kéré tó. Bàámi fẹ́ fún Àǹtí ní lẹ́tà náà. Ẹni tó máa bọ́ sí àyè rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dúró dè, kí ilé má baà dúró. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ọjọ́ Mọ́ńdè náà pé, a jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàámi kò gbé ojú kúrò lára àwo rẹ̀, èmi náà kò gbé tèmi. Lẹ́yìn bí oṣù kan, Àǹtí kò bèèrè mọ́. Ó fa ìwé tó fi ń ka orúkọ eegun fún ọmọ Alhájà, ó ní òun á tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, ibà gbé mi dè fún oṣù méjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìyẹn, èmi ni mò ń múra ìdánwò àtiwọ iléèwé girama.

Títí mo fi wọ yunifásítì ló fi bá wa gbé. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń wakọ̀ fún àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìjọra, wọ́n kó lọ sí Múṣin, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ síbẹ̀. Bàámi parí ìwé rẹ̀. Ní ewé ìdúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ará ilé mi tí wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kan, omi òjò ya wọ ilé wa, ó ba gbogbo ìwé tó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ jẹ́, ìwé ńlá yẹn náà wà lára wọn. Èmi ni mo kó wọn dànù, wọ́n ti di bí ẹ̀kọ tó dàpọ̀ mọ́ omi, n kò sì wo inú èyíkéyìí. Nígbà tí Bàámi ti darúgbó, tí mo ń gé èékánná fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Mojí, ṣé Dúpẹ́ ń bínú sí mi?" Mo ní, "Nítorí kí ni, Bàámi?" Ó yíjú sí fèrèsé. Mo lè sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé mo mọ̀, pé èmi náà wà níbẹ̀, kí àwa méjèèjì jọ gbé e. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kejì, mo sì ń gé èékánná lọ. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a sin ín ni mo lọ sí Múṣin. Àǹtí Dúpẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ kí i, n kò sì dìde. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwé ńlá, lẹ́tà, ọjọ́ Mọ́ńdè, dòdò tó ń dín, irun tó dì fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Kò pariwo, kò sunkún. Nígbà tí mo sọ tán, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Lẹ́tà mi wá," ló wí. "Mo ti rò pé mo fẹ́ìlì méjèèjì ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti gbà pé orí mi ni ò gbé e."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

Ó mi orí, n kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló bi mí, "Èwo ni nínú méjèèjì? Iléèwé nọ́ọ̀sì ni, àbí ti tíṣà?"

Mo rí àpò lẹ́tà náà kedere lọ́kàn mi. Mo rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, mo rí ibi tí ọwọ́ Bàámi ti ya á, mo rí ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá. N kò rí orúkọ iléèwé. Ọjọ́ nìkan ni mo wá nínú lẹ́tà náà, kí n lè mọ ìgbà tí wàhálà mi máa kọjá.

"N kò rántí, Àǹtí," mo wí.

"Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ kọ. Àbí nọ́ọ̀sì ni?"

Ìbá rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi nǹkan pa mọ́ fún un tó, n kò lè tún fi irọ́ lé e. Mo ní n kò rántí, mo ní kó má bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó sì tún gbé e wọ̀. Ó ká aṣọ tó ń sàmì sí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra na orúnkún rẹ̀ kó tó dìde.

"Dìde nílẹ̀," ló wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà. Jókòó, kí n wá nǹkan tí o máa jẹ."

Mo ní kó má ṣe wàhálà, ó ti mú àwo. Mo jókòó, ó sì bu oúnjẹ fún mi.